Ààwẹ̀ Tí Mi Ò Jẹ Gbèsè Rẹ̀

Tọ́sìdeè, 13 oṣù kejì

Mo ti san ààwẹ̀ mẹ́rin, ó ku mẹ́ta. Ọyẹ́ ti lọ, ooru ti gba ipò rẹ̀. Ẹni tó bá ń san ààwẹ̀ ẹ̀yìn ní irú àkókò yìí, ara rẹ̀ ló fi ń san án.

Àlájà Àmúdàtù jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ nísàlẹ̀ nígbà tí mo ń jáde láàárọ̀. Ó ní, "Ìyàwó, mélòó ló kù?" Mo ní ó ku mẹ́ta. Ó ní kí n tètè ṣe é, pé Ràmàdáánì kì í dúró de ọ̀lẹ. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, kí ni mo fẹ́ ṣe tí mi ò ní rẹ́rìn-ín? Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pè é ní orúkọ tí mo fún un, Mátírọ̀ọ̀nù. Ọgbọ̀n ọdún ló fi gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù kó tó fẹ̀yìn tì, àmọ́ bó bá ń sọ̀rọ̀ àìsàn, èèyàn á rò pé òun ló ń la aláìsàn níkùn.

Àtẹ̀gùn ilé yìí jẹ́ mẹ́rìnlá. Lónìí, mo dúró lórí ìkẹsàn-án. Nǹkan kan jókòó lé mi láyà, ó wúwo, ó gba ẹ̀yìn mi lọ, ó sì dé egungun àgbọ̀n. Mo fọwọ́ ti ògiri, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì. Nígbà tó fi mí sílẹ̀, mo gòkè.

Gáùn lọ́yà méjìlá ni mo gbà lọ́wọ́ ọ́fíìsì kan ní Igbosere, wọ́n fẹ́ ẹ kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Aṣọ dúdú ti tún gbówó lórí. Ọlọ́jà náà sọ iye rẹ̀ fún mi, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Mọ́ńdè, 17 oṣù kejì

Ó tún ṣe mí ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ń gé kọ́là funfun, mo kàn rí i pé sísọ́ọ̀sì ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Òógùn tútù bò mí. Adéníkẹ́ tí a jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù, tó ń tẹ ìwé ìbúra fáwọn tó ń lọ kọ́ọ̀tù, sáré gbé omi wá. Mo ní mò ń gbààwẹ̀.

Ó ní, "Ààwẹ̀ wo? Hàwáwù, mo ní ààwẹ̀ wo? Wọ́n ti yọ ilé ọmọ ẹ, wọ́n yọ ibi ẹyin méjèèjì, ọdún kẹjọ rèé. Nǹkan oṣù wo lo rí lésìí tó ò fi gbààwẹ̀? Kí lò ń san?"

Ọmọ Iléṣà ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù kan tó ń kọjá yíjú wò wá.

Òun àti Jíbrílù ọkọ mi nìkan ló mọ̀. Ìbàdàn la ti lọ ṣe é. A sọ fún wọn nílé pé fíbíróìdì ni wọ́n yọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni Ràmàdáánì dé, kò sì sí obìnrin kan ní agboolé yìí tí wọn kì í mọ̀ bóyá ó ń gbààwẹ̀ tàbí kò gbà. Bí mo bá gba ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko, Mátírọ̀ọ̀nù á ka ìka rẹ̀, á ní mo ti lóyún, àbí nǹkan oṣù mi ti dá. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí nígbà náà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí, ọkùnrin ni wọ́n sì ń retí. Ni mo bá yọ ọjọ́ méje. Mo ń bu oúnjẹ lọ́sàn-án lójú gbogbo wọn, mo ń gbé e wọ yàrá, mo ń dì í sínú nílọ́ọ̀nù, mo ń gbé e lọ sí Igbosere, Adéníkẹ́ ń jẹ ẹ́. Ààwẹ̀ mi wà lẹ́nu mi. Ìrun tí wọ́n rò pé mi ò kí, ẹ̀yìn máṣíìnì ni mo ti ń kí i. Bí ọdún bá sì ń yí bọ̀, màá tún san ọjọ́ méje tí mi ò jẹ ní gbèsè, kí Mátírọ̀ọ̀nù lè rí i pé mo san án.

Adéníkẹ́ ní kí n lọ ọsibítù. Mo ní eyín ló ń dùn mí. Ó pòṣé, ó padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Wẹ́sìdeè, 19 oṣù kejì

Nínú ilé wa, èèyàn kì í dá lọ ọsibítù. Mátírọ̀ọ̀nù ló mọ àwọn tó ń wá káàdì, òun ló ń mú wa kọjá níwájú àwọn tó ti tò láti ìdájí. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ wa ni pé ó máa ń bá èèyàn wọlé dé iwájú dókítà, á fa àga, á jókòó, á gbé báàgì lé itan. Ó bá mi wọlé nígbà tí mo ní ibà, ó bá mi wọlé nígbà tí ojú ń dùn mí. Mi ò tíì rí ẹni tó ní kó jáde.

Dókítà náà ò dàgbà. Mo sọ fún un pé àyà ni, ẹ̀yìn ni, àgbọ̀n ni, bí mo bá ti ń gòkè. Ó ń kọ ọ́. Ó wá ní, "Ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín gbẹ̀yìn, mà?"

Mátírọ̀ọ̀nù yíjú sí mi.

Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi rí. Kí n tó lanu, Mátírọ̀ọ̀nù ti dá a lóhùn: "Fíbíróìdì ni. Wọ́n ti yọ ọ́, ó ti tán." Dókítà ní mi ò sanra, ẹ̀jẹ̀ ríru mi ò ga jù, mo ṣì ń rí nǹkan oṣù mi, kò dà bí ọ̀rọ̀ ọkàn. Ó ní gáàsì ni, àti ulsa, ààwẹ̀ ló gbé e dìde. Ó kọ oògùn.

Bí a ṣe ń bọ̀, Mátírọ̀ọ̀nù ní, "Mo ti sọ fún ẹ, ata ẹ ti pọ̀ jù."

Mo bínú sí dókítà yẹn títí mo fi dé Ìdúmọ̀tà. Ìgbà náà ni mo rántí pé èmi ni mo purọ́ fún un. Ìyẹn ò dín ìbínú mi kù, ó kàn fi ẹnì kan kún àwọn tí mò ń bínú sí ni.

Sátidé, 22 oṣù kejì

Ó ku ẹyọ kan. Oògùn gáàsì ń lé gáàsì. Àyà ṣì ń fún mi.

Jímọ̀, 28 oṣù kejì

Wọ́n ti rí oṣù. Àwọn ọmọ agboolé ń pariwo káàkiri. Búrẹ́dì sààrì ti gun ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà láti àná sí òní, bí ẹni pé Ànọ́bì ló ní kí wọ́n fi owó lé e.

Ọkọ mi, Bàbá Mariyah, tètè dé láti Àpápá. Mo dúró kó jẹun tán. Mo ní, "Bàbá Mariyah, ẹ jẹ́ ká sọ fún Àlájà. Ara mi ò dá, mi ò sì lè máa purọ́ fún dókítà."

Ó ní, "Nínú Ràmàdáánì? Jẹ́ ká ṣọdún tán ná."

"Tí mo bá kú kó tó di ọdún ńkọ́?"

"Ọlọ́run ò ní jẹ́. Gáàsì kì í pààyàn."

Èèyàn dáadáa ni, gbogbo ayé ló wí bẹ́ẹ̀. Òun ló fọwọ́ síwèé ní Ìbàdàn, ó sunkún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bà á lẹ́rù ju ikú mi lọ. Ó mọ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbọ́, wọn á mú ẹni tí yóò bí ọkùnrin wá sí yàrá wa kejì, òun ò sì ní lè sọ pé rárá. Èmi náà mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnu wa fi dọ́gba láti ọdún mẹ́jọ wá.

Sọ́ńdè, 2 oṣù kẹta

Ààwẹ̀ kejì. Bàrà kékeré kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, inú rẹ̀ sì funfun. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn keje.

Wẹ́sìdeè, 5 oṣù kẹta

Mariyah dé láti iléèwé, kò lè nàró. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ká jọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi orí lu ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Bí mo ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀. Mo fún un ní oògùn ìrora méjì, mo fi omi gbígbóná sínú ìgò, mo gbé e lé e níkùn.

Ó fẹ́ ké. Mo fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Mo ní, "Rọra, kí àǹtí ẹ má bàa gbọ́." Mátírọ̀ọ̀nù ti gbọ́. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń wí pé, "Ọmọ bíbí ló máa wò ó sàn! Ìyá ẹ náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí!"

Kò wò mí. Mo bí Mariyah tán, kò wò mí. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ń káàkiri kí dókítà kan ní Ìbàdàn tó dárúkọ ohun tó ń ṣe mí, ẹndomẹtiríósísì, orúkọ tó gùn ju òpó iná lọ. Mo mọ èyí, mo sì fọwọ́ bo ọmọ mi lẹ́nu. Tí dókítà bá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á bi í léèrè nípa ìyá rẹ̀.

Tọ́sìdeè, 13 oṣù kẹta

Láti ọjọ́ Túsìdeè ni mo ti "yọ" ọjọ́ méje mi. Mo gbé ìrẹsì dé Igbosere lónìí, Adéníkẹ́ tì í padà.

Ó ní, "Mi ò jẹ ẹ́ mọ́."

Mo ní kí ló dé.

"Kí ló dé? Nínú ṣọ́ọ̀bù níbí, mò ń gbọ́ bó o ṣe ń mí. Mò ń jẹun ẹ, ò ń kú lọ níwájú mi. Ẹ̀rí ọkàn mi ò gbà á. Dókítà obìnrin kan wà ní Oníkan, òun ló ń tọ́jú ìyá mi. Lọ́la, àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Tó ò bá tẹ̀ lé mi, èmi fúnra mi ni màá wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó wá bá Àlájà yín sọ̀rọ̀, o sì mọ̀ pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́."

Mo bú u. Ó ní kí n bú u dáadáa, kí n ṣáà wọ bàtà wá lọ́la. A fún ajá kan tó wà lẹ́yìn kọ́ọ̀tù ní ìrẹsì náà.

Jímọ̀, 14 oṣù kẹta

Dókítà Ọláyẹmí. Obìnrin kékeré, ó ga bí ọmọ iléèwé, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ní ibì kankan tó ń sáré lọ. Adéníkẹ́ dúró síta fúnra rẹ̀.

Ó béèrè ohun kan náà: ìgbà wo ni mo rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá. Mo sọ ọ́. Mo sọ Ìbàdàn, mo sọ ẹndomẹtiríósísì, mo sọ àtẹ̀gùn. Ó gbé péńì sílẹ̀.

Ó ní ṣé wọ́n sọ fún mi nígbà náà pé kí n máa ṣọ́ ọkàn mi. Mo ní kí ni ilé ọmọ fẹ́ fi ọkàn ṣe? Ó ní ohun tó yẹ kó máa hù nínú ilé ọmọ nìkan ló ń hù káàkiri nínú ikùn mi, ara ń bá a jà, ọdún dé ọdún, inú ara ń wú, ó ń gbóná, ìjà yẹn a sì máa kan òpó ẹ̀jẹ̀. Ó ní àwọn tó ń ṣèwádìí rí i pé àrùn ọkàn pọ̀ díẹ̀ lára àwọn tó ní irú àìsàn mi ju lára àwọn tí kò ní in lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn, kò tilẹ̀ sún mọ́ gbogbo wọn, ó sì ní àwọn fúnra wọn ò tíì mọ gbogbo ọ̀nà tó ń gbà wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n tún yọ ibi ẹyin rẹ̀ láì tíì pé ogójì ọdún, ohun tó ń bá a ṣọ́ òpó ẹ̀jẹ̀ ti lọ ṣáájú àkókò. Ó yẹ kí wọ́n fún mi ní oògùn tó máa dípò rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa yẹ̀ mí wò lọ́dọọdún.

Ọdún kẹjọ. Dókítà Ìbàdàn gbá mi léjìká, ó ní ó ti tán, kí n lọ máa jayé. Kí Ọlọ́run dárí jì í, torí èmi ò ní dárí jì í.

Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà. Dókítà wo bébà tó jáde, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fún mi ní oògùn òòjọ́ àti kékeré kan tí mo máa fi sábẹ́ ahọ́n bí àyà bá ti fún. Ó kọ ìwé sí ọsibítù ńlá. Ó ní kí n má gbààwẹ̀ mọ́. Mo ní mo gbọ́.

Tọ́sìdeè, 20 oṣù kẹta

Ọjọ́ méje mi parí lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Láti Túsìdeè, ó yẹ kí gbogbo agboolé rí i pé mo ti padà sí ààwẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbà á. Mò ń lo oògùn nígbà sààrì àti nígbà ìṣínu, lábẹ́ ìbòrí. Ìwé Dókítà Ọláyẹmí wà ní ṣọ́ọ̀bù, nínú àpò tí mo ń kó bọ́tìnnì sí. Mo fẹ́ kí ọdún kọjá ná. Mo ti ń sọ̀rọ̀ bíi ti Jíbrílù.

Gáùn mẹ́sàn-án ti jáde. Àtẹ̀gùn karùn-ún.

Mọ́ńdè, 24 oṣù kẹta

Mariyah ló bá mi mú ìwé yìí wá sí wọ́ọ̀dù. Ọwọ́ mi ò le, àmọ́ màá kọ ọ́ kó má baà di ìtàn ẹlòmíràn.

Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Mo rántí àtẹ̀gùn kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, mo wà nínú mọ́tò aládùúgbò wa, orí mi wà lórí itan Mátírọ̀ọ̀nù, ó ń bú ẹni tó ń wakọ̀ àti ìyá tó bí i.

Dókítà ọjọ́sí náà ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti fa káàdì mi. Ó kà á, ó ní, "Ulsa la kọ síbí, mà. Ó ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fún un ní abẹ́rẹ́ ulsa, ká sì fa omi sí i lára." Mátírọ̀ọ̀nù ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀, ààwẹ̀ àti ata. Mò ń gbọ́ wọn bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Ìwé tó yẹ kó gbẹnu sọ fún mi wà láàárín bọ́tìnnì ní Igbosere. Mo rí nọ́ọ̀sì tó ń fa abẹ́rẹ́.

Mo ní, "Dókítà, mo purọ́ fún yín. Ọdún kẹjọ rèé tí mi ò ti rí nǹkan oṣù. Wọ́n ti yọ ilé ọmọ mi àti ibi ẹyin. Ẹndomẹtiríósísì ni, kì í ṣe fíbíróìdì. Ọkàn mi ni kí ẹ wò."

Mátírọ̀ọ̀nù ò wò mí. Ó nawọ́ mú káàdì lórí tábìlì, ó tì í mọ́ dókítà láyà. Ó ní, "Ṣé o gbọ́ ohun tó wí? Fa igi sí tàkọ́kọ́ yẹn, kọ èyí! Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń wo ọkàn dà?" Dókítà ní ó wà ní wọ́ọ̀dù kejì, pé ẹni tó ń gbé e... Mátírọ̀ọ̀nù ò dúró gbọ́. Ó ní ọgbọ̀n ọdún lòun fi nu eruku ara ẹ̀rọ yẹn. Nígbà tó máa padà dé, òun fúnra rẹ̀ ló ń tì í bọ̀, ìró rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú, kò sì sẹ́ni tó láyà láti dá a dúró.

Òpó ẹ̀jẹ̀ kan tó ń lọ sínú ọkàn mi ti fún. Ọkàn ti ń kú díẹ̀díẹ̀ lápá kan. Dókítà yẹn tún padà wá lálẹ́, ó dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní, "Mà, abẹ́rẹ́ ulsa yẹn ni ǹ bá fún yín, ǹ bá sì ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé." Mo ní mo mọ̀.

Mátírọ̀ọ̀nù fa àga sún mọ́ mi. Mo rò pé á sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Mo dé Mẹ́kà. Mo sunkún níwájú Káábà, mo tọrọ ọmọkùnrin fún ikùn tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Mo dé, mo gbé omi sámúsámù fún ẹ, o mu ún. O sì rẹ́rìn-ín sí mi."

Ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́. Ìbínú ò jẹ́. Mo ní, "Ká ní ẹ ò jókòó tì mí níwájú dókítà ni, ǹ bá ti sọ òótọ́ láti oṣù tó kọjá."

Ó dìde, ó lọ. Kò padà wá lánàá. Kò padà wá lónìí.

Jímọ̀, 28 oṣù kẹta

Wọ́n ti dá mi sílẹ̀. Oògùn márùn-ún, títí ayé. Wọ́n gbé mi sí yàrá ìsàlẹ̀, nítorí àtẹ̀gùn.

Mariyah ní Mátírọ̀ọ̀nù bi bàbá òun léèrè bóyá ó mọ̀. Ó ní òun mọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò fún un ní ìṣínu mọ́, ń ṣe ni ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún ń ra àkàrà jẹ lẹ́nu ọ̀nà. Jíbrílù wá bá mi, ó ní, "Ṣé o rí ohun tó o fà?" Mo ní kó lọ jókòó.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì ò tíì jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Yóò jáde. Kó jáde, èmi náà wà níbí.

Sátidé, 29 oṣù kẹta

Ọ̀sán gangan. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà, agboolé kún fún obìnrin tó ń lọ ata, tó ń to ìkòkò sílẹ̀ de ọdún. Mátírọ̀ọ̀nù jáde láti ilé ìdáná, ó gbé abọ́ ìrẹsì àti ẹja, ó gbé e kalẹ̀ sórí àpótí níwájú mi láàárín gbogbo wọn. Ọjọ́ keje nìyí tí kò bá mi sọ̀rọ̀.

Mo di abọ́ mú, mo fẹ́ gbé e wọlé. Ó ní, "Jókòó. Ibí lo ti máa jẹ ẹ́. Mo ti bi Ìmáàmù, nítorí ọkọ ẹ ò lè bi í. Ó ní o ò gbààwẹ̀ mọ́, kó o máa bọ́ aláìní dípò ẹ̀. Jẹun, kí wọ́n rí ẹ."

Àwọn obìnrin yíjú wò wá. Mo bu síbí kan.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta lo ti fi jẹun nínú Ràmàdáánì láìnídìí. Mo ti ṣírò ẹ̀. Kí lo fẹ́ wí lọ́jọ́ àlùkìyámọ̀?"

Mo ní, "Mi ò jẹ ọ̀kankan. Mo gba gbogbo ẹ̀. Adéníkẹ́ ló ń jẹ oúnjẹ."

"Adéníkẹ́ wo?"

"Tá a jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù."

"Kìrìsìtẹ́nì tó ń tẹ̀wé yẹn? Ìrẹsì mi?" Ó dúró, ó ń wò mí. "Abájọ tó fi ń tóbi lọ́dọọdún."

Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín. Ó padà sí ilé ìdáná. Mo jẹ ìrẹsì náà tán lójú gbogbo wọn, iyọ̀ ò sí nínú rẹ̀ rárá. Mi ò tíì fẹ́ràn Mátírọ̀ọ̀nù. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má sọ lọ́la pé oúnjẹ ló parí ìjà.

Sọ́ńdè, 30 oṣù kẹta

Ọdún. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lé àwọn tó lọ yídì lórí. Inú mi dùn díẹ̀.

Mọ́ńdè, 7 oṣù kẹrin

Adéníkẹ́ rí ẹni tó bá mi parí gáùn mẹ́ta tó kù. Iṣẹ́ ọwọ́ onítọ̀hún ò dára. Lọ́yà ò mọ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Mariyah. Mo ní lọ́la, a ó lọ sí Oníkan. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé tèmi náà ni?" Mo ní mi ò mọ̀, ìdí tí a fi ń lọ nìyẹn. Ó ní ṣé ọkàn òun náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní mi ò mọ ìyẹn náà, ṣùgbọ́n wọ́n á máa ṣọ́ tirẹ̀ láti ìsinsìnyí. Mo tọrọ àforíjì nítorí ọwọ́ tí mo fi bò ó lẹ́nu.

Túsìdeè, 8 oṣù kẹrin

Òjò láti ìdájí. Mo mú agbòjò, mo yíjú, Mátírọ̀ọ̀nù ti wọ bàtà, ó ti gbé báàgì. Kò sẹ́ni tó pè é. Mo fẹ́ sọ ọ́, ọkàn mi ní kí n fi sílẹ̀.

Dókítà Ọláyẹmí gbé àga mẹ́ta. Mátírọ̀ọ̀nù jókòó, ó gbé báàgì lé itan. Dókítà yíjú sí ọmọ, ó ní, "Mariyah, ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù ẹ gbẹ̀yìn? Báwo ló ṣe máa ń ṣe ẹ́?"

Mariyah wo àǹtí rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe mí bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, mà."

Mo mọ irọ́ yẹn. Mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Mátírọ̀ọ̀nù ti dìde. Ó ní òun fẹ́ lọ wò ó bóyá òjò ti dá. Òjò ò dá, gbogbo wa ló ń gbọ́ ọ lórí páànù. Ó jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀.

Mo fara balẹ̀ sórí àga mi. Inú mi dùn. Mo ní nínú ara mi pé ó ti yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn. Mo ní, "Ó yá, Mariyah, sọ fún dókítà."

Ọmọ ò sọ̀rọ̀. Ó ń wò mí. Dókítà náà ń wò mí. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé èmi ni wọ́n ń dúró dè.

Mo gbé báàgì mi. Ó wà lórí itan mi látìgbà tí mo ti jókòó.

Mátírọ̀ọ̀nù wà lórí bẹ́ǹṣì níta. Ó sún díẹ̀, kò wò mí. Mo jókòó. Ohùn Mariyah ń jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé e sókè. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ.